Al-Biruni, onímọ̀ tí ó wọn ayé tí kò sì pa Kùránì tì



Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa. Ẹ ó gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ ní Kétu àti ní Ṣábẹ. Wọ́n lè sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tàbí níbi ìsọmọlórúkọ, tàbí kí ẹnìkan fi í ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù yín. Ọ̀rọ̀ náà ni pé gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá kiri lónìí ti wà nínú Kùránì láti ọjọ́ tí ó ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ ìyanu tí ó fi hàn pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ìwé náà ti wá. Àwọn mìíràn wà tí àwọn náà ń kírun, tí wọ́n sì ń gbààwẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Kùránì wá láti fi ọ̀nà Ọlọ́run han ènìyàn, kò wá láti kọ́ni ní ìṣirò tàbí ìṣègùn.

Ní ọdún 1976, oníṣègùn ará Faransé kan tí ń jẹ́ Maurice Bucaille tẹ ìwé kan jáde lórí Bíbélì, Kùránì àti sáyẹ́ǹsì. Ó kọ ọ́ níbẹ̀ pé òun kò rí ohun kan nínú Kùránì tí ó tako sáyẹ́ǹsì òde òní. Ó tún ní àwọn nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn ayé ìgbà náà kò lè fúnra rẹ̀ mọ̀. Ìwé náà rìn jìnnà, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn náà ti le sí i.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Mùsùlùmí kan wà láyé tí ó mọ Kùránì dáadáa, tí ó sì mọ ìṣirò oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀ ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Abu Rayhan al-Biruni. Ó ní láti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ dé, àti ibi tí iṣẹ́ ojú àti ọwọ́ ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ ni a mú wá fún yín lónìí.

Ọmọ ẹ̀yìn odi

Oṣù kẹsàn-án ọdún 973 ni wọ́n bí Al-Biruni, ní ìlú Kath, ní ilẹ̀ Khwarazm. Ilẹ̀ náà wà ní àárín Éṣíà, lẹ́bàá odò ńlá kan tí ń jẹ́ Amu Darya. Lónìí, inú orílẹ̀-èdè Uzbekistan ni ibi tí wọ́n bí i sí wà. Ní èdè Páṣíà, birun ni wọ́n ń pe ìta. Nítorí náà, Al-Biruni túmọ̀ sí ẹni tí ó wá láti ẹ̀yìn odi ìlú.

Olùkọ́ rere ni ó bọ́ sí lọ́wọ́. Ọmọ ọba kan tí ń jẹ́ Abu Nasr Mansur, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ìṣirò, ni ó kọ́ ọ. Nígbà tí Al-Biruni wà ní ọmọ ọdún 17, ó wọn bí oòrùn ti ga tó lójú ọ̀run ní ọ̀sán gangan. Ó fi ìyẹn ṣe ìṣirò, ó sì mọ bí ìlú rẹ̀ ti jìnnà tó sí ìlà tí ó la ayé sí méjì, ìyẹn ìlà tí ó wà láàárín àríwá àti gúúsù. Kò fi ẹsẹ̀ rìn ín, kò sì béèrè lọ́wọ́ arìnrìnàjò. Oòrùn ni ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ayọ̀ yìí kò pẹ́. Ní ọdún 995, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Khwarazm. Àwọn ẹbí tí ń jọba ní Kath ṣubú, àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn sì fọ́n ká. Al-Biruni, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 23, sá kúrò nílé. Ó dé ìlú Rayy, tí ó wà nítòsí Teheran òde òní. Ó tòṣì níbẹ̀. Ó sọ nínú ìwé rẹ̀ pé onímọ̀ kan fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ òun nítorí pé òun kò ní nǹkan lọ́wọ́, àti pé nígbà tí ìgbà yí padà, onímọ̀ yìí kan náà bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀wọ̀ fún òun. Ìmọ̀ rẹ̀ kò yí padà láàárín ìgbà méjèèjì. Aṣọ ọrùn rẹ̀ ni ó yí padà.

Ní ọdún 997, ó ti tún wà ní Kath. Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, òjìji ayé bo òṣùpá. Al-Biruni ń wò ó ní Kath, nígbà tí onímọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Abu al-Wafa ń wò ó ní Baghdad. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wákàtí tí ó jẹ́ ní Kath yàtọ̀ sí wákàtí tí ó jẹ́ ní Baghdad, nítorí pé oòrùn máa ń wọ̀ ní Kath ṣáájú. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wákàtí méjèèjì ni wọ́n fi mọ bí ìlú kan ti jìnnà tó sí èkejì láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn.

Ìṣirò tí kò fi ẹ̀rí kankan múlẹ̀

Lẹ́yìn èyí, ọba kan tí ń jẹ́ Qabus, ní ilẹ̀ Gurgan lẹ́bàá òkun Caspian, gbà á sí ààfin rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti kọ ìwé ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́, ní nǹkan bí ọdún 1000. Ìwé náà dá lórí bí oríṣiríṣi ènìyàn ṣe ń ka ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ó sọ ti àwọn Júù, ti àwọn Nàsárà, ti àwọn ará Páṣíà, àti ti àwọn Mùsùlùmí.

Ohun kan wà nínú ìwé yìí tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ní èdè Heberu àti ní èdè Lárúbáwá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni ó ní iye tirẹ̀. Àwọn ààfáà wa náà mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Dáníẹ́lì, iye ọjọ́ kan wà tí í ṣe 1335. Àwọn Nàsárà kan mú gbólóhùn kan tí ó yin Jésù, wọ́n ro iye lẹ́tà rẹ̀ pọ̀, ó sì jẹ́ 1335. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn.

Al-Biruni kò bá wọn jà. Òun náà mú gbólóhùn mìíràn tí ó yin Ànábì Mùhámmádù, ó ro lẹ́tà rẹ̀ pọ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ 1335. Ẹlòmíràn ì bá yọ̀ níbẹ̀, ì bá ní ẹ̀sìn òun ti borí. Al-Biruni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi hàn pé bí èyí kò bá jẹ́ ẹ̀rí, ìyẹn náà kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá ti mọ iye tí òun ń wá kò ní ṣàìrí ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e jáde. Kò gba ìṣirò tí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sìn tirẹ̀ ni ìṣirò náà ń gbè.

Ní ààfin Mahmud

Al-Biruni padà sí Khwarazm, ọba ibẹ̀ sì fi í ṣe olùdámọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1017, Mahmud, ọba Ghazni, kó ogun wọ ilẹ̀ náà, ó sì gbà á. Ghazni wà ní Afghanistan òde òní. Mahmud kó ẹrú, ó kó dúkìá, ó sì kó àwọn onímọ̀ lọ pẹ̀lú. Al-Biruni wà lára wọn. Ó ti tó nǹkan bí ọmọ ọdún 44 nígbà náà. Láti ìgbà náà títí tí ó fi kú, ìlú Ghazni ni ilé rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1018, ó wà ní abúlé kan nítòsí Kabul. Ó fẹ́ wọn gíga oòrùn, ṣùgbọ́n kò ní ohun èlò kankan. Ó mú pátákó tí ó fi ń ṣe ìṣirò, ó yí i dojú dé, ó ya ìlà sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi í ṣe ohun èlò ìwọ̀n. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán kí oòrùn tó kúrò níbi tí ó fẹ́ ẹ sí.

Mahmud jẹ́ ọba alágbára, ó sì le lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Yaqut, tí ó kú ní ọdún 1229, sọ ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ààfin rẹ̀. Ìránṣẹ́ kan dé láti ilẹ̀ àwọn Tọ́kì tí ó jìnnà réré. Ó sọ fún ọba pé òun ti rí ibì kan tí oòrùn kì í wọ̀, tí ó ń yí ká lókè ilẹ̀, tí òru kò sì sí. Inú bí Mahmud. Ó ní kèfèrí ni ọkùnrin náà, ó ń ba ẹ̀sìn jẹ́. Ẹ ronú sí i: bí kò bá sí òru, nígbà wo ni ènìyàn yóò kírun Mọ̀gàríbà? Nígbà wo ni yóò ṣínu ààwẹ̀? Irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀mí ènìyàn láyé ìgbà náà.

Akọ̀wé ààfin kan gba ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe èrò ọkàn rẹ̀ ni ó ń sọ, ohun tí ojú rẹ̀ rí ni. Ó sì ka ẹsẹ Kùránì kan tí ó sọ nípa àwọn ènìyàn kan tí oòrùn ń yọ lé lórí láìsí ohun tí ó dáàbò bò wọ́n. Mahmud yíjú sí Al-Biruni, ó béèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Al-Biruni ṣàlàyé fún un ní ṣókí. Lóòótọ́, bí ènìyàn bá ti ń lọ sí ìhà àríwá, ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ń gùn sí i, òru ń kúrú, títí yóò fi dé ibi tí oòrùn kì í wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọ̀rọ̀ náà yé ọba.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti lọ. Ẹsẹ Kùránì pa ìbínú ọba rọ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìṣirò ni ó ṣàlàyé ohun tí ó fà á. Àwọn méjèèjì ni ó wúlò fún ìránṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn.

Ládàánì tí ó kọ ohun èlò

Al-Biruni fúnra rẹ̀ sọ ìtàn mìíràn nínú ìwé kan tí ó kọ nípa òjìji. Gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀, òjìji ni wọ́n fi ń mọ àkókò ìrun Aláásárì. Onímọ̀ kan ṣe ohun èlò kan tí ó lè fi àkókò ìrun hàn ní ojoojúmọ́. Wọ́n gbé e fún ládàánì mọ́sáláṣí kan. Ládàánì náà rí i pé orúkọ oṣù àwọn ará Róòmù ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ó ní ohun àwọn kèfèrí ni, kò gbọ́dọ̀ wọ mọ́sáláṣí.

Kí ló dé tí wọ́n fi oṣù àwọn ará Róòmù síbẹ̀? Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Oṣù tiwa tí a fi ń gbààwẹ̀ ń tẹ̀lé òṣùpá. Ààwẹ̀ lè bọ́ sí ìgbà òjò lónìí, kí ó bọ́ sí ìgbà ọyẹ́ ní ọdún mélòó kan sí i. Ṣùgbọ́n oòrùn ni òjìji ń tẹ̀lé, kò tẹ̀lé òṣùpá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òjìji yóò ti gùn tó lọ́jọ́ kan ní láti lo oṣù tí ń tẹ̀lé oòrùn.

Al-Biruni dá ládàánì náà lóhùn. Ó ní àwọn ará Róòmù pẹ̀lú ń jẹun, wọ́n sì ń rìn nínú ọjà. Bí kò bá fẹ́ fara wé wọn rárá, kí ó má ṣe jẹun mọ́, kí ó má sì lọ sí ọjà mọ́. Ọ̀rọ̀ náà pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jinlẹ̀. Fún Al-Biruni, ìmọ̀ kò ní ẹ̀sìn tí ó ń sìn. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ nítorí ibi tí ó ti wá, ìrun tirẹ̀ gan-an ni yóò kúrò ní àkókò.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nípa kíbílà. Ní ọdún 1025, Al-Biruni parí ìwé kan lórí bí a ṣe lè mọ ipò ìlú kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ ayé. Ara ohun tí ó fẹ́ ṣe ni kí ó mọ ibi tí àwọn ará Ghazni yóò kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun. Kùránì pàṣẹ pé kí Mùsùlùmí kọjú sí Kaaba. Kò sọ ìhà tí Kaaba wà sí láti Ghazni, tàbí láti Àjàṣẹ́. Ìwọ̀n àti ìṣirò ni ó ń sọ ìyẹn. Àwọn tí ó wà ní Ghazni ń kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ ń kọjú sáàárín ìlà-oòrùn àti àríwá. Àṣẹ kan ni gbogbo wa ń tẹ̀lé, ṣùgbọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìṣirò tirẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, Al-Biruni dá àwọn tí ń bẹnu àtẹ́ lu ìmọ̀ lóhùn. Ó tọ́ka sí ẹsẹ Kùránì tí ó yin àwọn tí ń ronú sí ìṣẹ̀dá sánmọ̀ àti ilẹ̀. Lójú rẹ̀, ẹsẹ náà rán ènìyàn níṣẹ́ ni. Kò jókòó ti ẹsẹ náà kí ó máa retí pé kí ó bá òun ṣe iṣẹ́ tí ó rán òun.

Lórí òkè Nandana

Mahmud ń jagun lọ sí Íńdíà léraléra, Al-Biruni sì bá a dé ilẹ̀ náà. Ní ibì kan tí ń jẹ́ Nandana, ní Pakistan òde òní, ó rí òkè kan tí ó dojú kọ ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wá irú ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ wọn gíga òkè náà láti ìsàlẹ̀. Ó rí i pé ó lé díẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ 652. Lẹ́yìn náà, ó gun orí rẹ̀, ó sì wo ibi tí ilẹ̀ àti sánmọ̀ ti pàdé lókèèrè.

Nítorí pé ayé rí róbótó, ẹni tí ó bá dúró lórí òkè ní láti rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó rí ibi ìpàdé náà. Bí òkè bá ti ga sí i ni ojú yóò ti máa rẹlẹ̀ sí i. Al-Biruni wọn bí ojú rẹ̀ ti rẹlẹ̀ tó. Ó kéré púpọ̀. Ó fi ìyẹn àti gíga òkè náà ṣe ìṣirò, ó sì mọ bí gbogbo ayé ti tóbi tó. Ohun tí ó rí súnmọ́ ohun tí a mọ̀ lónìí.

Ó tún ṣe ohun kan tí ó yẹ kí a kíyè sí. Ní bí igba ọdún ṣáájú rẹ̀, Kálífà Al-Ma'mun ti rán àwọn ènìyàn lọ sínú aṣálẹ̀ láti wọn ayé ní ọ̀nà mìíràn. Al-Biruni fi iye tirẹ̀ wé tiwọn, ó rí i pé wọ́n súnmọ́ra. Ó wá ní òun yóò máa lo tiwọn, nítorí pé ohun èlò wọn dára ju tòun lọ.

Ẹsẹ kan wà nínú Kùránì tí ó sọ pé Ọlọ́run tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀. Lóde òní, àwọn kan ń fi ẹsẹ náà sọ pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ kan náà sọ pé ayé rí bí ẹyin ògòǹgò, wọ́n sì ní iṣẹ́ ìyanu sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Bí ẹsẹ kan bá lè gbè àwọn méjèèjì, a jẹ́ pé kì í ṣe inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ti mú un wá láti ibòmíràn. Al-Biruni kò fa ẹsẹ kankan ya láti fi wọn ayé. Ó gun òkè.

Ohun tí ó kọ́ ní Íńdíà

Ní Íńdíà, Al-Biruni ṣe ohun tí àwọn ọmọ ogun Mahmud kò ṣe. Ó kọ́ Sanskrit, èdè ìwé mímọ́ àwọn ará ilẹ̀ náà, ó sì jókòó ti àwọn àgbà wọn láti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn. Ní ọdún 1030, kété lẹ́yìn tí Mahmud kú, ó parí ìwé ńlá kan lórí ẹ̀sìn, àṣà àti ìmọ̀ wọn. Kò fi ìwé náà bú wọn.

Nínú ìwé yìí, ó sọ ìtàn Brahmagupta, onímọ̀ ará Íńdíà tí wọ́n bí ní ọdún 598. Ìwé mímọ́ ibẹ̀ sọ pé orí ẹ̀mí àìrí kan ni ó ń gbé òṣùpá mì nígbà tí ó bá ṣókùnkùn. Brahmagupta mọ̀ pé òjìji ayé ni. Ó tilẹ̀ mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé mímọ́ ni ó tọ̀nà, ó sì bá àwọn tí ó sọ òmíràn wí. Al-Biruni bá a kẹ́dùn ju bí ó ti bá a wí lọ. Ó rò pé bóyá ẹ̀rù ni ó ba ọkùnrin náà, kí wọ́n má baà pa á bí wọ́n ti pa Socrates ní ilẹ̀ Gíríìkì.

Ìwé yìí kan náà ni ó ti sọ èrò rẹ̀ nípa Kùránì. Ó ní nínú ọ̀rọ̀ ìrísí sánmọ̀ àti ilẹ̀, Kùránì kò sọ ohunkóhun tí a ní láti lọ́ lọ́rùn kí a tó lè gbà á. Ó ní kò ki ọwọ́ bọ irú àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń jiyàn lé lórí títí láìrí òpin wọn. Ọpẹ́ ni ó fi sọ èyí. Lójú rẹ̀, oore ńlá ni Kùránì ṣe fún onímọ̀ ojú sánmọ̀ tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Kò sí ìdí fún un láti purọ́ bí Brahmagupta, nítorí pé ìwé rẹ̀ kò fi ipá mú un.

Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀

Lẹ́yìn ikú Al-Biruni, àwọn àgbà ìmọ̀ Ìsìláàmù pín sí ọ̀nà méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Al-Ghazali, tí wọ́n bí ní ọdún 1058, kọ ọ́ pé gbòǹgbò gbogbo ìmọ̀ wà nínú Kùránì. Ó fi àpẹẹrẹ kan tì í lẹ́yìn. Ànábì Ìbúráhímù sọ nínú Kùránì pé bí òun bá ṣàìsàn, Ọlọ́run ni ó ń wo òun sàn. Al-Ghazali ní ẹni tí ó bá mọ ìṣègùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí lè yé tán. As-Suyuti, ọ̀kan nínú àwọn méjì tí ó kọ tàfúsíírì Jalalayn tí àwọn ààfáà wa ń kà, gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Al-Shatibi, tí ó gbé ní Granada ní ilẹ̀ Sípéènì tí ó sì kú ní ọdún 1388, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn tí kò mọ̀wé ni Kùránì kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, ó sì bá wọn sọ ọ́ lọ́nà tí ó yé wọn. Ó ní àwọn tí ó bá Ànábì gbé kò sọ pé àwọn rí ìṣirò tàbí ìmọ̀ ìràwọ̀ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó mọ Kùránì jù wọ́n lọ.

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn Kùránì. Ẹ̀yin òǹkàwé, kì í ṣe ìgbàgbọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí, bí a ó ṣe kàwé ni. Ìgbésí ayé Al-Biruni sì fi ohun kan hàn wá tí ó yẹ kí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà méjèèjì gbé yẹ̀ wò. Ohun tí sáyẹ́ǹsì ń sọ lè yí padà nígbà tí ẹlòmíràn bá mú ohun èlò tí ó dára jù wá. Al-Biruni mọ èyí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi iye tirẹ̀ sílẹ̀ fún ti àwọn tí ohun èlò wọn dára jù. Ẹni tí ó bá so ìgbàgbọ́ rẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n rí lánàá, kí ni yóò ṣe bí wọ́n bá rí òmíràn lọ́la? Ẹni tí ó bá sì sọ pé gbogbo rẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí ni yóò mú kí ó rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ìṣirò?

Ìparí ọjọ́ rẹ̀

Mas'ud, ọmọ Mahmud, fẹ́ràn Al-Biruni. Òun ni Al-Biruni kọ ìwé rẹ̀ tí ó tóbi jù lórí ìmọ̀ ìràwọ̀ fún. Wọ́n ní ọba fi ẹrù fàdákà tí erin kan lè gbé ta á lọ́rẹ, ó sì dá a padà. Ó tún wọn bí òkúta iyebíye àti irin kọ̀ọ̀kan ti wúwo tó. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó kọ ìwé lórí ewé àti egbòogi. Ìwé tí ó kọ lé ní 100.

Èdè Lárúbáwá ni ó fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ó sọ nígbà kan pé bí wọ́n bá fi èdè Khwarazm, èdè ìyá òun, kọ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, yóò ṣàjèjì bíi ràkúnmí lórí òrùlé. Nínú èyí, a kò ní tẹ̀lé e. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn rẹ̀ lónìí ní èdè Yorùbá ti rí i pé ràkúnmí náà kò já bọ́.

Ní nǹkan bí ọdún 1050 ni ó kú ní Ghazni. Yaqut sọ bí ó ti kú. Ó ní amòfin kan wá bẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí èémí rẹ̀ ti fẹ́ tán. Al-Biruni bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan lórí ogún pínpín tí wọ́n ti jọ sọ nígbà kan rí. Àánú ṣe amòfin náà. Ó béèrè bóyá irú àkókò yìí ni ó yẹ láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Al-Biruni ní ó sàn kí òun mọ̀ ọ́n kí òun tó lọ ju kí òun lọ láìmọ̀ ọ́n. Amòfin náà ṣàlàyé, Al-Biruni tún un sọ títí ó fi yé e. Amòfin náà dágbére. Kò tíì rìn jìnnà nígbà tí ó gbọ́ ẹkún láti inú ilé náà.

Ó ti lé ní ọmọ ọdún 75. Ó ti wọn ayé, ó ti ka Kùránì, ó ti kọ ìwé tí ó lé ní 100, síbẹ̀ kò tijú láti béèrè. Àwọn àgbà wa náà ti sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.